Bí abúlé etí igbó ṣe lè máa gba àlejò, kí owó wọlé, kí ẹran má sì tán

Bí ẹ bá ń gbé ní etí igbó Old Oyo National Park, páàkì ìjọba tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, láti Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí títí dé Ìgbẹ́tì, tàbí ní apá Orí-Ire lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó ti gbọ́ ìwàásù yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ẹ má pa ẹran mọ́, ẹ má gé igi mọ́, ẹ má tiná bọ igbó mọ́. Ẹni tó wá wàásù á sọ ọ́ tán, á wọ mọ́tò rẹ̀, ó di Ìbàdàn. Ọdẹ tó jókòó gbọ́ ọ ṣì máa wá owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ní Mọ́ńdè.

Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bí abúlé ṣe lè máa gba àlejò tó wá wo igbó, òkè, odò àti iṣẹ́ ọwọ́, kí àlejò sanwó, kí igbó sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun kan ni mo dúró lé, ẹ ó sì rí i nínú gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀: ẹni tó ní ìbọn, àdá àti iná èédú lọ́wọ́ ni owó àlejò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá gba ọ̀dọ̀ baálẹ̀, alága àti akọ̀wé kọjá tó wá tán kó tó dé ọ̀dọ̀ ọdẹ, ẹ má ṣèyọnu, ẹran á tán.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ilẹ̀ yín parí sí

Old Oyo National Park fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ní 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di páàkì; igbó ọba ni tẹ́lẹ̀, kó tó di ibi ìtọ́jú ẹran. Òfin National Park Service ti 1999 kò gba kí ẹnikẹ́ni ṣọdẹ, gé igi, dáko tàbí da màlúù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, ọwọ́ páàkì ni yóò ti gba àyè, yóò san owó ẹnu ọ̀nà wọn, ẹ̀ṣọ́ wọn ni yóò sì mú un wọ inú igbó.

Nítorí náà, ẹ má ṣèlérí fún àlejò pé ẹ ó mú un dé ààfin àtijọ́ ní Ọ̀yọ́ Ilé. Àríwá páàkì ni àwókù ìlú náà wà, apá Ìgbẹ́tì ni wọ́n sábà ń gbà lọ, láti nǹkan bí 1835 tí àwọn ènìyàn ti fi í sílẹ̀ ni igbó ti bò ó. Odi ìlú tó ti wó àti àpáàdì ló kù níbẹ̀. Ó dùn ún wò fún ẹni tó mọ ìtàn, àmọ́ páàkì ló ni ín.

Tiyín ni ohun tó wà lẹ́yìn ààlà: òkè tó wà lẹ́yìn abúlé, odò tí ẹ ń pọn, oko, igi ẹmi, àgbàlá tí ìyá yín ti ń po òrí, gáà tí àwọn Fúlàní ti ń ṣe wàrà, ìtàn ẹnu àwọn àgbà. Ó pọ̀ tó.

Kí ẹ tó pe ìpàdé kankan, ẹ kọ lẹ́tà kan tí baálẹ̀ buwọ́ lù, kí ẹni méjì gbé e lọ sí olú ilé iṣẹ́ páàkì ní Ìsókùn, nílùú Ọ̀yọ́. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè: ibi tí ààlà gbà gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ yín, ọ̀nà tí àlejò tó bá fẹ́ wọ páàkì láti ọ̀dọ̀ yín yóò gbà, àti bóyá wọ́n lè rán ẹ̀ṣọ́ kan wá bá àwọn ọdẹ yín sọ̀rọ̀. Ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tí ẹ bá bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó ti mọ̀ yín lójú kò ní rí amọ̀nà yín létí ààlà kó rò pé ọlọ́ṣà ẹran ni.

Ìpàdé: ta ni yóò jókòó níbẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí lórí fóònù, ẹ má gbé e kalẹ̀ bí iṣẹ́ ẹgbẹ́ yín. Ẹ lọ bá baálẹ̀ nílé lálẹ́, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé òun ló pe ìlú jọ. Kí Olúọdẹ wà níbẹ̀, kí ìyálọ́jà wà níbẹ̀, kí àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀ tí òkè àti odò wà lórí rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí àwọn tó ń sun èédú wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bí wọn ò tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n mọ̀ wọ́n sí i. Ẹ rán ẹnì kan sí gáà. Bí àwọn Fúlàní ò bá sí níbi tí ẹ ti ń pín ọ̀rọ̀ yìí, màlúù ni yóò dá yín lóhùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àgbà kan á béèrè, ó dájú: "Ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ ta ilẹ̀ wa fún òyìnbó?" Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, torí ìbéèrè gidi ni. Ilẹ̀ kankan kò ní kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí ìwé tí wọn yóò buwọ́ lù láìjẹ́ pé wọ́n kà á sókè ní Yorùbá níwájú ìlú. Kí akọ̀wé kọ gbólóhùn méjèèjì yẹn sínú ìwé ìpàdé lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí àwọn àgbà sọ ibi tí àlejò kò gbọ́dọ̀ dé. Igbó orò, ìgbàlẹ̀, ojúbọ kan tàbí òmíràn. Bí wọ́n bá ní ibì kan ò ṣe é wò, ẹ má bi wọ́n ní ìdí, ẹ sì má yà á ní fọ́tò lẹ́yìn wọn. Àǹfààní ni èyí jẹ́ fún igbó fúnra rẹ̀. Ní Boabeng-Fiema lórílẹ̀-èdè Gánà, èèwọ̀ ni pípa ọ̀bọ àti edun láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Bí ọ̀kan bá kú, wọ́n á sin ín bí ènìyàn. Nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fojú di èèwọ̀ náà, àwọn ará ìlú ní kí ìjọba ìbílẹ̀ fi òfin gbè é lẹ́sẹ̀ ní 1975. Àwọn edun náà ni àlejò ń sanwó wá wò títí dòní.

Ẹ bá ọdẹ rin ilẹ̀ náà

Ibí yìí ni kí ẹ má kánjú. Ẹ mú ọdẹ méjì tó mọ ilẹ̀, ìyá kan tó mọ ewé àti egbò, ọmọ kan tó lè kọ̀wé kíákíá. Ẹ jáde kí oòrùn tó yọ.

Olúọdẹ lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí ẹ̀yin ò ti rí nǹkan kan, kó fi ẹnu àdá tọ́ka: pátákò méjì tó tẹ iyẹ̀pẹ̀ wọlé, iwájú rẹ̀ ṣì mú ṣóńṣó, etí rẹ̀ ò tíì wó. Á ní ìgalà ni, òwúrọ̀ yìí ló kọjá, kò sì sáré, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jìn síra. Á gbọ̀nà koríko lọ síwájú díẹ̀, á fi ìka kan ìgbẹ́ rẹ̀, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ohun tí ẹ máa tà gan-an nìyẹn.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ abúlé á fẹ́ fi ẹran ṣèlérí. Igbó tí wọ́n ti ń yìnbọn nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹran rẹ̀ máa ń sá. Àlejò lè rìn láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán kó má rí ju ìjímèrè kan tó ń sáré kọjá lọ, tàbí ìmàdò kan tó gbé ìrù sókè bí ó ṣe ń lọ. Bí ẹ bá ti sọ fún un pé yóò rí ẹfọ̀n, olè ni ó máa pè yín. Bí ẹ bá sọ fún un pé ọdẹ kan máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ilẹ̀, yóò padà sílé láti máa sọ ọ́ fún ará ilé rẹ̀, bí kò tiẹ̀ rí ìwo kan ṣoṣo.

Ẹ kọ àwọn ẹyẹ sílẹ̀, igi tó ní ìtàn, ibi tí òjìji wà fún ìsinmi, ibi tí ẹsẹ̀ lè yọ̀ lórí àpáta. Lẹ́yìn náà, ẹ yan ọ̀nà méjì péré: èyí tó kúrú tí ìyá àgbà lè rìn, àti èyí tó gùn tó gba orí òkè. Abúlé tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà mẹ́fà kò ní lè tọ́jú ọ̀kan.

Ta ni yóò ṣe kí ni

Ọdẹ ni kó jẹ́ amọ̀nà. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ òyìnbó dáadáa á fẹ́ gbà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀, owó tiwọn wà níbẹ̀. Amọ̀nà kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, àlejò mẹ́fà sí mẹ́jọ láàárín, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ìbọn yóò wà nílé lọ́jọ́ náà. Àdá, tọ́ọ̀ṣì, omi àti fóònù tí iná kún inú rẹ̀ ti tó. Bí ọdẹ kan bá mọ ìjálá sun, kó sun ún lálẹ́ fún àlejò tó bá sùn mọ́jú, kí wọ́n san tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ ṣe òfin kan tí gbogbo ọdẹ fọwọ́ sí: amọ̀nà tí wọ́n bá bá ẹran páàkì lọ́wọ́ rẹ̀ yóò pàdánù ipò rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ẹgbẹ́ ọdẹ ni kó dá ẹjọ́ náà, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Ọdẹ ò ní gbọ́rọ̀ sí ọmọ tó bí lẹ́nu nípa ìbọn.

Àwọn tó ń sun èédú ńkọ́? Àwọn ni kí ẹ fún níṣẹ́ ríro ọ̀nà, gígé koríko tí kò ní jẹ́ kí iná kọjá, ríru ẹrù àlejò, àti ọ̀kadà láti títì. Ẹ lè fi oyin kún un. Ẹni tó bá ń fi ògùṣọ̀ kó oyin nínú ihò igi lè fi iná pa odindi igbó kan láàárín alẹ́ kan. Bí ẹ bá kan ilé oyin pákó fún un, tí ẹ gbé e sórí ẹsẹ̀ igi mẹ́rin tí ẹ fi òróró ẹ́ńjìnnì yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká nítorí èèrà, kò ní nílò ògùṣọ̀ mọ́, àlejò ni yóò sì máa ra oyin náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Oúnjẹ, àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìkòkò

Ẹran ìgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ sí nínú ọbẹ̀ àlejò. Kò sí àmọ́ níbẹ̀. Àlejò á béèrè, pàápàá èyí tó ti Èkó wá, á ní òun ti gbọ́ pé ọ̀yà yín dùn. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ gbé adìyẹ ìbílẹ̀ síwájú rẹ̀. Àmàlà láfún tàbí àmàlà iṣu pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, ẹran ewúrẹ́, ẹyin awó tí ẹ sìn nílé, kò sẹ́ni tó máa bínú.

Wàrà ni kí ẹ fi ṣe oúnjẹ òwúrọ̀, ẹ sì jẹ́ kí àlejò lọ wò ó ní gáà fúnra rẹ̀. Obìnrin Fúlàní náà á gbé wàrà tútù ka iná tí kò le, á gún ewé àti ọ̀pá bomubómu, á fún omi rẹ̀ sínú ìkòkò, á fi í sílẹ̀. Láìpẹ́ wàrà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, omi á yà sọ́tọ̀, á wá bù ú sínú apẹ̀rẹ̀ kéékèèké kó lè ro. Kí àlejò san owó ìwòran náà fún un ní tààrà. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìgbà tí àlejò mìíràn ń bọ̀, ẹ ó sì rí ibi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ màlúù.

Òrí náà rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà òjò ni èso ẹmi ń bọ́. Àwọn ìyá á ṣà á, wọ́n á bọ kóró rẹ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á wá máa fi omi po ó títí ọ̀rá funfun á fi léfòó. Apá máa ń ro ẹni tó bá ń po ó. Ẹ jẹ́ kí àlejò po díẹ̀, ẹ jẹ́ kó ra igbá kan. Igi ẹmi lè gba ọdún 15 sí 20 kó tó so, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni ẹ̀rọ ìgégi fi ń gé e fún èédú. Ìyá tó ń pa owó lórí igi náà ni yóò bá ẹlẹ́rọ jà. Kò dìgbà tí ẹ bá rán ẹnikẹ́ni.

Ibùsùn: ẹ má kọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Yàrá méjì nínú ilé tó ti wà, ibùsùn tó mọ́, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ṣáláńgá tí kò rùn, omi ìwẹ̀ nínú garawa, iná sólà kékeré. Kí obìnrin àlejò sùn nílé tí ìyálé wà.

Owó

Ẹ jókòó ṣírò rẹ̀ kí àlejò àkọ́kọ́ tó dé. Ká ní ẹnì kan san ₦10,000 fún ìrìn òwúrọ̀ àti oúnjẹ kan. Àpẹẹrẹ ìpín rẹ̀ rè é: ₦3,500 fún amọ̀nà àti ògbufọ̀, ₦2,500 fún àwọn tó se oúnjẹ, ₦1,000 fún iṣẹ́ ọ̀nà àti iná, ₦1,000 fún ẹni tó ṣàfihàn iṣẹ́ ọwọ́, ₦2,000 tó kù sínú àpótí ìlú. Ẹ lè yí i padà, àmọ́ kí apá amọ̀nà má kéré sí ti àpótí láéláé. Owó ẹnu ọ̀nà páàkì, bí àlejò bá fẹ́ wọbẹ̀, kò sí nínú èyí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ pín in, ní gbangba, lábẹ́ igi, kí akọ̀wé máa ka orúkọ sókè. Kí àpótí ìlú ní àgádágodo mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ ìyálọ́jà, ọ̀kan lọ́wọ́ Olúọdẹ, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé. Ilé baálẹ̀ ni kí àpótí wà, àmọ́ kí baálẹ̀ má ní kọ́kọ́rọ́. Baálẹ̀ tó gbọ́n á gbà bẹ́ẹ̀, torí kò ní sẹ́ni tó máa fẹ̀sùn kàn án.

Ní Rwanda, tí àlejò ń san $1,500 láti wo ìnàkí, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó páàkì ni ìjọba ń yà sọ́tọ̀ fún àwọn abúlé agbègbè láti 2017. Ìdá 5 ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń fi í kọ́ ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Ó dára. Àmọ́ ilé ìwòsàn kò dá ọdẹ tí ebi ń pa dúró lálẹ́ òní, ìdí nìyí tí mo fi ní kí tiyín dé ọwọ́ ènìyàn lọ́jọ́ náà.

Iná àti ìwé ọdẹ

Iná ẹ̀ẹ̀rùn ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ju ìbọn lọ. Nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró, tí koríko ò tíì gbẹ tán, ẹ ro etí ọ̀nà méjèèjì, ẹ gé koríko yí ìdí igi ẹmi ká, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ páàkì ìgbà tí àwọn yóò sun tiwọn. Iná tí wọ́n bá sun lásìkò yìí kì í le. Èyí tó bá jó ní Fẹ́búárì á jó igi mọ́ ọn.

Kí ìwé kan wà nílé Olúọdẹ. Lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, kí amọ̀nà sọ ohun tó rí, kí ọmọ ilé ìwé kan kọ ọ́: ọjọ́, ibi tí wọ́n gbà, ẹran tàbí ipasẹ̀, iye rẹ̀. Kò ju ìlà mẹ́rin lọ.

Ibi tí àlejò ti ń wá

Ẹ gbàgbé òyìnbó ná. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́, ilé ìwé girama, ẹgbẹ́ ìjọ, ẹbí tó ti Ìbàdàn wá sílé ọdún: àwọn wọ̀nyí lè wá ní Sátidé, kí wọ́n padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ lọ bá olùkọ́ kan tó ń kọ́ wọn nípa igi àti ẹran, ẹ gba akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá ní ìdajì owó lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò. Nọ́ńbà WhatsApp kan ṣoṣo ni kí ẹ fi síta, kí ó wà lọ́wọ́ ẹni tó máa ń gbé fóònù.

Àsìkò méjì ni ẹ ní. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin, omi á gbẹ, ẹran á súnmọ́ ibi tí omi kù, koríko á kúrú, ojú á ríran jìnnà. Oṣù Kẹjọ, ọdún Ṣàngó á kó èrò wá sí Ọ̀yọ́, pàápàá láti 2023 tí UNESCO ti kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá rẹ̀. Ẹni tó bá wá wo Ṣàngó, tó ra igbá fífín ní Ọ̀yọ́, lè wá sùn mọ́jú lọ́dọ̀ yín kó rí òrí pípò, torí ìgbà òjò náà ni. Ẹ má mú un lọ wá ẹran. Koríko ti ga ju ènìyàn lọ.

Ọjọ́ náà gan-an

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ pe ẹ̀ṣọ́ páàkì, ẹ sọ fún àwọn Àmọ̀tẹ́kùn àti àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín iye àlejò àti ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Bí ọ̀rọ̀ ajínigbé bá wà nílẹ̀ ní agbègbè yẹn, ẹ dá ìrìn náà dúró, ẹ dá owó padà láìjanpata. Ẹ mọ ilé ìwòsàn tó ní oògùn ejò àti ọ̀kadà tó lè dé ibẹ̀ lóru.

Nígbà tí wọ́n bá dé, kí wọ́n kọ́kọ́ kí baálẹ̀. Ẹ sọ òfin fún wọn kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀: bàtà tó bo ẹsẹ̀, kò sí lọ́fíńdà nítorí oyin, ẹ má ya ènìyàn ní fọ́tò láìtọrọ àyè, ọ̀rá omi tí ẹ bá gbé wọ igbó ẹ ó gbé e padà jáde. Kí amọ̀nà ẹ̀yìn di àpò kan lọ́wọ́ fún ọ̀rá, torí ẹnì kan á ju tirẹ̀ sílẹ̀ dandan.

Kí wọ́n tó wọ mọ́tò padà, ẹ bi wọ́n ní ohun méjì: kí ló dùn mọ́ yín jù, kí ló sú yín? Ẹ ka ìdáhùn náà níbi tí ẹ ti ń pín owó. Bí àwọn méjì bá ní ọ̀nà jìn jù, ẹ gé e kúrú. Bí ìwé ọdẹ bá fi hàn pé ipasẹ̀ ti ń dín kù ní ọ̀nà apá odò, ẹ ti ọ̀nà náà pa fún oṣù méjì, kí àwọn tó ń bọ̀ ní Sátidé gba orí òkè.